Ihò Inú Páànù: Lámèyítọ́ Lórí Bàálù RV

Létí pápákọ̀ òfuurufú Aurora, ní gúúsù Portland, ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ni ilé-iṣẹ́ Van's Aircraft wà. Ẹni tó bá ń retí pé òun yóò bá bàálù lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níbẹ̀, páànù alumíníọ̀mù ni yóò kọ́kọ́ rí, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń lu páànù náà níhò, pẹpẹ tó kún fún ẹ̀yà wẹ́wẹ́, àti àpótí pákó tí wọ́n ń kó ẹ̀yà sí kó tó di èrò ọ̀nà jíjìn. Olórí ọjà wọn kì í ṣe bàálù tó ti ṣe tán. Ẹ̀yà bàálù ni wọ́n ń tà, pẹ̀lú ìwé tó ń júwe bí oníbàárà yóò ṣe tò ó nínú gáréèjì ilé rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ni mo ka èyí sí, ojú iṣẹ́ ọnà ni mo sì fẹ́ fi wò ó.

Richard VanGrunsven ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1965, ó tún bàálù kan tí wọ́n ń pè ní Stits Playboy ṣe, ó sọ ọ́ ní RV-1. RV-3, tí kò gbà ju ẹnì kan lọ, fò ní 1971, òwò sì bẹ̀rẹ̀. Lónìí, RV tí àwọn èèyàn ti tò tó sì ti fò lé ní 11,000.

Bó bá jẹ́ ti ẹwà, RV kò kúkú jẹ́ arẹwà. Apá RV-3, RV-4, RV-6 àti RV-7 fẹ̀ bákan náà láti ìdí dé góńgó, bíi pákó tí wọ́n rẹ́ tán tí wọn ò tíì gbẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn apá tó ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí góńgó máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò bá wọn sí níbẹ̀. Torí pé fífẹ̀ apá náà kò yí padà, egungun inú rẹ̀ jọra. Ẹni tó bá ti mọ ọ̀kan tò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ gbogbo wọn nìyẹn. VanGrunsven yọ ẹwà díẹ̀ kúrò, ó fi ìrọ̀rùn dípò rẹ̀, bàálù náà kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ di akúrẹtẹ̀: ó yára, bẹ́ẹ̀ ló lè balẹ̀ lórí ilẹ̀ kúkúrú.

Síbẹ̀, apá kọ́ ni mo kà sí àṣeyọrí rẹ̀ tó ga jù. Ihò ni. Láyé RV-4 àti àwọn RV-6 àkọ́kọ́, ẹni tó fẹ́ to bàálù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan férémù ńlá tí yóò di egungun mú gírígírí, kó wọn gbogbo nǹkan fúnra rẹ̀, kó tó mú dírìlì. Bó bá ṣi ìwọ̀n, apá á lọ́. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò náà láti ilé-iṣẹ́, débi pé tí ihò páànù bá ti bá ihò egungun ṣe rẹ́gí, apá náà ti tọ́ nìyẹn. Ẹ̀rù tó ń lé èèyàn lásán sá fún iṣẹ́ yìí dín kù gan-an.

Ẹ jẹ́ ká wo ríbẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ihò rẹ̀ kò tó mìlímítà mẹ́ta. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ etí ihò náà wọnú díẹ̀, kí orí ríbẹ́ẹ̀tì lè bá ojú páànù dọ́gba. Wọ́n á fi ìdè onísípíríǹgì tí wọ́n ń pè ní cleco so páànù mọ́ egungun fúngbà díẹ̀. Ẹnì kan á wá gbé ìbọn ríbẹ́ẹ̀tì dání níta, ẹnì kejì á fi irin wúwo gbé e nídìí nínú. Gàrà-gàrà díẹ̀, ìdí rẹ̀ ti tẹ́. Bó bá dára, fífẹ̀ ìdí tó tẹ́ náà á jẹ́ ìlọ́po kan ààbọ̀ fífẹ̀ ríbẹ́ẹ̀tì, gíga rẹ̀ á sì jẹ́ ìdajì. Bí ìbọn bá yẹ̀, àpá ló máa fi sójú páànù, gbogbo ayé ló sì máa rí i. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ríbẹ́ẹ̀tì ló wà lára bàálù kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta ìrù lọ́tọ̀ ṣáájú: ẹni tí sùúrù rẹ̀ bá tán síbẹ̀, owó tó ti ná kò tíì pọ̀. Oníṣòwò mélòó ló ń ro irú ìyẹn mọ́ oníbàárà?

Ibi tó ti ń kọ mí lóminú kò jìnnà síbẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó ń to irú bàálù yìí ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, fún ẹ̀kọ́ tàbí ìgbádùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá láyè lè ra ẹ̀yà tí wọ́n ti tò dé ààyè kan ní Philippines, ti RV-12 sì ń lo ríbẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kan lè fà láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ihò ti ronú sílẹ̀ de èèyàn. Ẹ̀kọ́ wo ló wá kù?

Lẹ́yìn àrùn Kòrónà, ìbéèrè àwọn oníbàárà ju agbára ẹ̀rọ lọ, ilé-iṣẹ́ náà bá ní kí wọ́n máa fi laser gé lára àwọn ẹ̀yà. Ihò tí laser gé máa ń ní ogbẹ́ kékeré níbi tí iná ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá sì tẹ etí rẹ̀ wọnú, ó lè sán. Àwọn tó ń tò ó nílé ló rí i, àwọn ló sì figbe ta. Ìnáwó àtirọ́pò ẹ̀yà wà lára ohun tó mú ilé-iṣẹ́ náà sá sábẹ́ òfin ajigbèsè ní oṣù Kejìlá 2023. Wọ́n fowó lé ohun tí àwọn kan ti san àsansílẹ̀ fún, èyí tó dun ọ̀pọ̀ èèyàn, kí wọ́n tó bọ́ nínú rẹ̀ ní 2024. Àléébù ńlá ni, n kò ní bò ó. Ṣùgbọ́n ó tún dá mi lóhùn: ọwọ́ tí kò mọ bí ihò tó péye ṣe ń rí kò lè mọ èyí tó sán. Òfin pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó to bàálù lè gba ìwé àṣẹ láti máa yẹ bàálù yẹn wò lọ́dọọdún. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ kìkì nítorí pé ó rà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. RV-6A ni ilé-iṣẹ́ AIEP ní Kaduna sọ di Air Beetle fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú Nàìjíríà, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bàálù wíwà máa fi kọ́ṣẹ́. 1988 ni àkọ́kọ́ fò. Ẹni tó bá ní bàálù Amẹ́ríkà tí a kàn kùn ni, kò rí ti ríbẹ́ẹ̀tì rò. Títò pàápàá iṣẹ́ ni, ọmọ Nàìjíríà ló sì ṣe é. Ohun tó yẹ ká bẹnu àtẹ́ lù ni pé ibẹ̀ ló mọ. Ní Oregon, RV-6 bí RV-7, wọ́n sì tún ihò rẹ̀ rò látòkè délẹ̀. Air Beetle kò bímọ ní Kaduna. Nígbà tí bàálù ìkọ́ṣẹ́ tún di dandan, Pakistan la ti lọ ra Super Mushshak.