Kí Iná Ta Lásìkò

Katakata tó ń ro oko òwú àti oko àgbàdo ní agbègbè Tchaourou lórílẹ̀-èdè Benin, dísù ni wọ́n ń mu. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní búzì. Afẹ́fẹ́ tí písítìn fún pọ̀ títí tó fi gbóná janjan ló ń mú epo gbiná. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rí irú iṣẹ́ táímìn, ìyẹn títún àsìkò tí iná ń ta ṣe, tí àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe lára Ford 8N, katakata oníbẹntiróòlù tí wọ́n ṣe láti 1947 sí 1952, kó má wá a lọ sínú oko lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀bá ọ̀nà ni kó wá, lábẹ́ igi kajú, níbi tí alùpùpù Mobylette, Peugeot 103 àti Yamaha Mate àtijọ́ ti ń dúró de èmi mẹkáníìkì. Ó ti pẹ́ tí alùpùpù bíi Bajaj ti gba iṣẹ́ zémìjáǹ, ìyẹn iṣẹ́ ọ̀kadà, lọ́wọ́ wọn, àmọ́ àgbẹ̀ Alafiarou tàbí Bétérou ṣì ń fi wọ́n gbé iṣu wálé.

Nínú gbogbo iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, táímìn ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó ní sùúrù lè pààrọ̀ ríǹgì, ó lè fọ kàbúrétọ̀. Táímìn ní tirẹ̀, ojú, ọwọ́ àti etí ló ń béèrè.

Bí písítìn ti ń gòkè bọ̀, tó ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀, a kì í dúró kó dé òkè tán kí búzì tó ta iná. Epo kì í jó lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní láti ráyè ràn káàkiri. Lára àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré wọ̀nyí, iná sábà máa ń ta nígbà tí ó bá ku nǹkan bíi mìlímítà kan ààbọ̀ sí méjì kí písítìn dókè. Ìyẹn kò nípọn ju igi ìṣáná lọ, síbẹ̀ inú rẹ̀ ni gbogbo agbára alùpùpù wà. Bí iná bá yá jù, ẹ́ńjìnnì á máa kan kẹ̀nkẹ̀nkẹ̀n bó bá ń gun òkè, bí ẹ bá tàpá sí i, á ta ẹsẹ̀ yín padà. Bó bá pẹ́ títí bẹ́ẹ̀, orí písítìn á jó lu. Bí iná bá pẹ́ jù, kò ní lè fa ẹrù, sáléńsà á sì gbóná kọjá ààlà.

Ohun tó ń pàṣẹ fún búzì ni kọ́ńtáàtì, irin kékeré méjì tó ń pàdé tó sì ń là lábẹ́ màgínẹ́ẹ̀tò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń rò pé ìgbà tí wọ́n bá pàdé ni iná ń ta. Rárá o, ìgbà tí wọ́n bá là ni. Mo kọ́kọ́ máa ń wọn ẹnu wọn kó tó nǹkan bíi 0.4 mìlímítà níbi tó ti là jù. Lẹ́yìn náà ni mo yọ búzì, mo ki sípóòkù kẹ̀kẹ́ tí mo ti fi fáìlì pa àmì sí lára sínú ihò rẹ̀ títí tó fi kan orí písítìn, mo wá ń fọwọ́ yí màgínẹ́ẹ̀tò díẹ̀díẹ̀. Bébà sìgá ti wà láàárín kọ́ńtáàtì. Mo ń fà á jẹ́jẹ́. Ibi tí bébà náà bá ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ ni kọ́ńtáàtì ti là, mo sì wo sípóòkù: ṣé àmì ti dé ibi tó yẹ? Bí kò bá tíì dé, màá tú súkúrù, màá sún un bí irun orí, màá tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń lo gílóòbù àti bátìrì dípò bébà. Kò burú, àmọ́ bébà kì í kú.

Gírísì díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí ẹsẹ̀ kọ́ńtáàtì ti ń fara ha irin. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá ń jẹ, ẹnu kọ́ńtáàtì á máa kéré sí i, iná á sì máa pẹ́ sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Èyí tí mo sọ yìí, ìwé ni. Ó wá ku ọ̀rọ̀ epo. Àmì tí wọ́n pa sára ẹ́ńjìnnì, bẹntiróòlù tó mọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn; kpayo, epo fàyàwọ́, la sì ń rà nínú ìgò lẹ́bàá títì. Jálá tó gbé kẹrosíìnì lánàá ló ń gbé e lónìí. Kẹrosíìnì tó bá wọ inú bẹntiróòlù máa ń mú kí ẹ́ńjìnnì tètè kan. Kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì kankan ò lè jẹ ẹ́ o: Ferguson ṣe katakata TED20 fún irú epo bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1949. Wọ́n dín ìfúnpọ̀ inú rẹ̀ kù; bẹntiróòlù ni wọ́n fi ń ṣíná sí i, bó bá gbóná tán ni wọ́n ń yí i sí epo kejì yẹn. Wọn kò ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ fún Mobylette. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń dá iná padà sẹ́yìn díẹ̀ ju ohun tí ìwé sọ, mo sì máa ń ní kí wọ́n gbé ẹrù lé e kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Alùpùpù tí kò gbé nǹkan kan kì í sọ òótọ́.

Àwọn alùpùpù tuntun kò ní kọ́ńtáàtì mọ́, ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ CDI ló ń ta iná ọ̀pọ̀ wọn. Mi ò ní purọ́, ó dáa ju tiwa lọ: eruku ọyẹ́ kò lè ṣe é ní nǹkan kan, kò sí ohun tó ń jẹ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí epo bá burú, àsìkò iná tí wọ́n ti ṣe mọ́ ọn náà lẹ ó máa fi gùn ún.

Bàbá kan láti ọ̀nà Goro gbé Mate rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan.

“Mẹkáníìkì, gbà mí o. Bí mo bá ti gbé iṣu báyìí, yóò máa ké.”

“Ẹ kú ọ̀nà, bàbá. Ibo lẹ ti ra epo?”

“Lọ́dọ̀ ẹni tí mo ti ń rà tẹ́lẹ̀ ni.”

Mo gbóòórùn epo náà. “Bàbá, kẹrosíìnì ti wọ inú rẹ̀. Ẹ ò ṣe rà á níbòmíràn?”

“Níbòmíràn kẹ̀? Àna mi ló ń tà á.”

Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi mú bébà sìgá wá.