Ta Ni Bàbá Rẹ̀?

Ọ̀gá mi, ẹni tí gbogbo àwa ọmọ iṣẹ́ wọn ń pè ní Bàbá Lẹ́jà, kì í pariwo, ọwọ́ wọn kì í sì í gbọ̀n bí wọ́n bá ń fa ìlà sínú ìwé owó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń bi wá nínú ọ́fíìsì kékeré tí a wà ní Òkè-Àdó, ní Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, kò tíì kúrò létí mi títí di òní olónìí. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fẹ́ ṣí àkáǹtì tuntun, ìbáà ṣe ti epo mọ́tò tàbí ti owó oṣù ọlọ́dẹ, wọn yóò gbójú sókè, wọn yóò ní, “Ọmọdé yìí, ta ni bàbá rẹ̀?” Ẹni tí kò bá lè dáhùn kò gbọdọ̀ fi kálámù kan ìwé náà.

Ìbéèrè yìí gan-an ni ẹ̀mí iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun lónìí, èyíinì ni kíkó àtẹ àkáǹtì ilé-iṣẹ́ láti inú fáìlì wọ inú ètò ìṣirò owó lórí kọ̀ǹpútà. N kò ní dúró sọ bọ́tìnì tí à ń tẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé iṣẹ́ náà ti gún tàbí ti wọ́ kí a tó tẹ bọ́tìnì kankan. Inú bí ìlà ṣe tẹ̀lé ìlà ni ọgbọ́n wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi GnuCash ṣe àpẹẹrẹ, ètò tí a kì í san kọ́bọ̀ kan lé lórí. Nínú fáìlì CSV tí ó ń gbà, àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kúkúrú, ó sì ní orúkọ kíkún tí èmi ń pè ní oríkì orílẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ó ka ìran rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ baba ńlá wá: Ohun Ìní:Owó Àrọ́wọ́tó:Báńkì:Ìfowópamọ́. Láti òkè ni ètò náà ti ń kà á wálẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Bí ó bá pàdé Ìfowópamọ́ nígbà tí Báńkì kò tíì dé, kò ní dúró dè é. Yóò gbé ọmọ náà jókòó sí òkè pátápátá, ní ẹ̀gbẹ́ Ohun Ìní àti Gbèsè, bí ìgbà tí ọmọdé wọ ìgbìmọ̀ ìjòyè tí kò sì sí ẹni tí yóò ní kí ó dìde. Ètò náà a máa sọ bẹ́ẹ̀ fún wa lẹ́yìn iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ń kánjú kì í kà á.

Nítorí náà, mo máa ń to gbogbo ìlà gẹ́gẹ́ bí orúkọ kíkún wọn. Orúkọ bàbá ni ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ, èyí tí ó kúrú a sì máa ṣáájú èyí tí ó gùn nígbà tí ìbẹ̀rẹ̀ wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà. Bàbá á wọlé, ọmọ á sì bá a nílé. Síbẹ̀, n kì í sùn lé e. Àyè òfìfo kan tí ó fara pa mọ́ sí ẹ̀yìn “Báńkì” ti sọ ọ́ di ẹlòmíràn lójú kọ̀ǹpútà. Àwa tí a ń fi àmì ohùn kọ èdè wa tún ní láti ṣọ́ra sí i, nítorí pé “á” lè jẹ́ odidi lẹ́tà kan lórí kọ̀ǹpútà tèmi, kí ó sì jẹ́ lẹ́tà pẹ̀lú àmì tí a gbé lé e lórí kọ̀ǹpútà tìrẹ; ojú ènìyàn kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè ka bàbá àti ọmọ sí àlejò fún ara wọn. Mo ti lo odidi òru kan lórí irú “á” bẹ́ẹ̀ rí.

Bí mo bá dé ibi nọ́ńbà tí à ń fún àkáǹtì kọ̀ọ̀kan, ọ́fíìsì Òkè-Àdó ni ọkàn mi ń padà sí. Bàbá Lẹ́jà máa ń fi ojú ewé méjì sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i lẹ́yìn àkáǹtì kọ̀ọ̀kan. A rò pé ìfiwéṣòfò ni, títí ọjọ́ tí oníbàárà kan ra ọkọ̀ kejì, tí àyè rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ dè é. Ìdí nìyí tí mo fi ń fò láti 1110 sí 1120.

Ohun tí ń bí mi nínú ni àtẹ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gbé wọ inú ìwé oníṣòwò láìbi í ní ohun tí ó ń tà. Ní ọdún 1494, nígbà tí Luca Pacioli, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Ítálì, tẹ ìwé rẹ̀ tí ó ní ẹ̀kọ́ ìwé owó nínú jáde ní Venice, ohun tí ó ní kí oníṣòwò kọ́kọ́ ṣe ni kí ó ka gbogbo ohun tí ó ní, kí ó kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí ó ránṣẹ́ pè mí nígbà kan pé owó àwọn ti dàwátì: òdo ni ó wà níwájú Báńkì. Owó kò sọnù. Àwọn ọmọ Báńkì ni wọ́n ti ṣáájú bàbá wọn wọlé, tí wọ́n jókòó kiri lókè. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń dá wọn padà sílé.

Ní ọdún tí ó ṣáájú èyí tí Bàbá Lẹ́jà papò dà, mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ bá wọn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò bá ojú wọn mu, wọ́n ní kí n lọ tẹ àtẹ náà sórí ìwé wá. Wọ́n yọ pẹ́ńsùlù láti inú àpò agbádá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 1000, wọ́n ń bi mí ní bàbá ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń dáhùn, wọ́n sì ń sàmì sí i, títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí a dé ìlà tí ó kẹ́yìn, wọ́n ká ìwé náà sí mẹ́rin, wọ́n fi í sápò, wọ́n sì ké sí Ìyá nínú ilé pé kí wọ́n bu oúnjẹ wá fún oníṣirò owó.