Ojú Oró àti Òṣíbàtà: Àríwísí lórí Yíyàwòrán Ẹranko àti Òdòdó Igbó

Ìfáárà
Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni iṣẹ́ ẹni tí ó ń fi ọ̀dà olómi ya àwòrán ẹranko àti òdòdó igbó, tí ó sì fi í ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí eré ọmọdé. Èrò tiwa ni pé iṣẹ́ ìmọ̀ ni, àti pé ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹyẹ Orí Igi
Òṣogbo kò jìnnà sí Ìkìrun àti Òkukù. Níbẹ̀ ni Àṣírù Ọlátúndé (1918–1993), ọmọ alágbẹ̀dẹ, ti ń lu bàbà àti páànù di àwòrán igi ńlá tí ẹyẹ àti ẹranko kún inú ẹ̀ka rẹ̀. Níbẹ̀ náà ni Twins Seven-Seven (1944–2011) ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1964, tí ó ń ya iwin àti ẹranko abàmì. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì gbayì. Ṣùgbọ́n ẹwà ni ẹyẹ orí igi Àṣírù wà fún. Kò pọn dandan kí a mọ àdàbà yàtọ̀ sí àkókó níbẹ̀. Ìjálá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oníjàálá a máa sọ ìrìn ẹranko, àwọ̀ rẹ̀ àti ìṣe rẹ̀ títí ọdẹ yóò fi dá a mọ̀. Nítorí náà, ẹgbẹ́ oníjàálá ni ayàwòrán tí à ń wí yìí.

Ewé Ojú Omi
Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ wa tí kò lè fi ojú oró àti òṣíbàtà ṣe àdúrà pé òun yóò lékè. Ẹ mú un dé etí omi tí a sé ní Èkó-Ẹ̀ndẹ́, kí ẹ ní kí ó ṣe àlàyé ìyàtọ̀ wọn: ẹnu rẹ̀ yóò wọhò.

Ojú oró kò fi gbòǹgbò kan ilẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ń fì nínú omi, ìṣàn sì lè gbé e lọ. Ewé rẹ̀ ní irun wẹ́wẹ́, ó pagbo bí ẹni pé òun ni òdòdó, bẹ́ẹ̀ òdòdó gan-an kéré, ó sì sá pamọ́ sáàárín ewé. Inú ẹrẹ̀ ni òṣíbàtà fìdí múlẹ̀ sí ní tirẹ̀. Ọ̀pá gígùn ni ó fi gbé ewé pẹrẹsẹ dé ojú omi. Òdòdó funfun rẹ̀ a máa là lálẹ́, a sì padé nígbà tí oòrùn bá mú. Ọ̀kan lékè nítorí pé ó fúyẹ́, èkejì lékè nítorí pé ó ní ìdí. Àdúrà méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ayàwòrán kò lè ṣe àṣìṣe yìí kí iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Nínú ọ̀dà olómi, funfun bébà ni a ń dá sí fún òdòdó funfun. A kì í sábà fi ọ̀dà funfun bo àṣìṣe. Ó ní láti mọ ohun tí ó ń yà kí ó tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ omi, kí ó sì dé etí odò kí oòrùn tó mú.

Owó Iṣẹ́ Náà
A kò sọ pé owó rẹ̀ yá. Ìwé ẹ̀kọ́, ìwé ìwádìí àti àwọn tí ń ra àwòrán ni ọjà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tún ń fi iṣẹ́ olùkọ́ kún un. Síbẹ̀, àyè wà. Ìwé Dalziel ti 1937 àti ìwé Pierre Verger ti 1995 ti kó ọ̀pọ̀ orúkọ ewé Yorùbá jọ. Ewé tí àwọn onímọ̀ sá gbẹ pamọ́, àwọ̀ rẹ̀ a máa ṣí. Ayàwòrán ni yóò dá àwọ̀ náà padà.

Àgbálọgbábọ̀
Àwọn àgbà tí ó mọ orúkọ ewé ń dín kù. Àbá wa ni pé kí olùkọ́ èdè àti olùkọ́ iṣẹ́ ọnà jọ kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí etí omi. Kí a má ṣe gba àwòrán tí kò ní orúkọ Yorùbá lábẹ́. Kí àwa náà má sì ṣe kọ́ni ní orúkọ tí ọmọ kò rí ojú rẹ̀ rí.