Okùn Ọwọ́ Ọmọdé: Àtúnwò Àwòrán Manuel Osorio tí Goya Yà

Àwòrán ọmọdé a máa tan lámèyítọ́ jẹ. Ìfẹ́ tí ènìyàn ní sí ọmọ, àti ìròyìn ohun tí ó padà ṣẹlẹ̀ sí i, a máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ojú. Àpẹẹrẹ pàtàkì ni àwòrán Manuel Osorio Manrique de Zúñiga tí Francisco Goya, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, fi ọ̀dà yà ní nǹkan bí 1787 sí 1788. Ilé-ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Metropolitan ní New York ni ó wà. Ọmọ ìjòyè Altamira ni Manuel. A bí i ní 1784. Ó kú ní 1792, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Ọmọ náà dúró nínú aṣọ pupa, ó gba ọ̀já funfun mọ́dìí. Ó di okùn tín-ín-rín mú, èyí tí a so mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ kan tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ dúdú òun funfun. Ẹyẹ yìí fi ẹnu mú pélébé ìwé tí orúkọ Goya wà lára rẹ̀. Ní apá kan, ológbò mẹ́ta ranjú. Ní apá kejì, ẹyẹ kéékèèké wà nínú àgò.

Ìtumọ̀ tí ó gbajúmọ̀ ni pé ẹyẹ dúró fún ọkàn, àgò fún àìlẹ́ṣẹ̀ ọmọdé, ológbò fún ibi tí ó ń ṣọ́ ọ. Ìtumọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ayàwòrán onígbàgbọ́ ní Yúróòpù ti ń lo ẹyẹ báyìí. Àléébù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá sọ ọ́ di àsọtẹ́lẹ̀ ikú. Ẹni tí ó yàwòrán ní 1788 kò lè mọ ikú 1792. Bákan náà, onímọ̀ Yorùbá tí ó bá sáré pe Manuel ní àbíkú ti fi ojú ilé kan ka àrokò ilé mìíràn.

Ohun tí ìtumọ̀ wọ̀nyí gbójú fò ni ọwọ́ ọmọ náà. Manuel kì í ṣe ẹni tí ewu ń ṣọ́ nìkan. Òun gan-an ni ó de ẹyẹ mọ́lẹ̀. Bí kò bá sí okùn, ẹyẹ ì bá fò sá fún ológbò. Síbẹ̀, ọmọ kò wo ẹyẹ, kò sì wo ológbò. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Àìmọ̀kan rẹ̀ kò dín ewu ẹyẹ kù rárá. Àìlẹ́ṣẹ̀ àti agbára pàdé ní ọwọ́ kan náà, ọwọ́ ọmọ ìjòyè. Orúkọ Goya, ẹni tí ń yàwòrán fún ìdílé náà, sì wà lẹ́nu ẹyẹ tí a so.

Ní ìkádìí, ìkáàánú fún Manuel tọ́, ṣùgbọ́n ìtàn ayé rẹ̀ ni ó bí i. Ó yẹ kí lámèyítọ́ kọ́kọ́ ya ohun tí ìtàn sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí àwòrán fi hàn, kí ó tó so méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé ẹyẹ náà yẹ fún ìkáàánú pẹ̀lú.