Kàkó àti Killmonger: Ọ̀rọ̀ lórí Àríyànjiyàn Àwọn Ọ̀dọ́ nípa Akọni

Ẹni tí ó bá ń ti ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn sọdá sí Agbowó ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì tẹ́tí sí ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń bá ara wọn sọ, yóò gbọ́ àríyànjiyàn oríṣiríṣi. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni ó pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ òṣèlú sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka kan wà nínú àríyànjiyàn wọ̀nyí tí àwa olùkọ́ èdè Yorùbá kò kà sí. Èyí ni ọ̀rọ̀ lórí àwọn akọni abàmì tí ń bẹ nínú ìwé àwòrán, àti nínú sinimá tí a fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe. Àwọn tí ó lọ wò ó ní ilé sinimá ní Dùgbẹ̀ yóò máa bá àwọn tí ó wò ó lórí fóònù ní Bódìjà jiyàn: ta ni ó jàre, T'Challa ni tàbí Killmonger? Ó ha tọ́ kí Batman máa dá ẹ̀mí Joker sí? Kí ni ó ń lé Spider-Man kiri òru?

Àwọn àgbà kan nínú wa a máa sọ pé ìfàkókò-ṣòfò ni. Àwọn mìíràn a ní ọ̀nà tí òyìnbó ń gbà gba ọkàn àwọn ọmọ wa ni. Èmi kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú èrò méjèèjì yìí. Lójú tèmi, iṣẹ́ lámèyítọ́ gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ń ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Àbùkù tí mo rí nínú rẹ̀ kò ju méjì lọ. Èkíní ni pé agbára ni wọ́n sábà máa ń fi wọn akọni, wọn kì í fi ìwà wọ̀n ọ́n. Èkejì ni pé wọn kì í mú akọni tiwa wá sí àárín agbo. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti mú ọ̀kan nínú àwọn akọni wa wá, kí n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ akọni tiwọn, kí n sì bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ni ó lé ọ jáde nílé? Kí ni àléébù rẹ? Nígbà tí ọ̀nà pín sí méjì, èwo ni o yàn?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí pé ọjọ́ orí àwọn akọni méjèèjì kò jìnnà sí ara wọn. Ní ọdún 1938 ni a kọ́kọ́ tẹ ìtàn Superman jáde ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1938 kan náà ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ jáde ní ilẹ̀ wa. Batman dé ní 1939, Spider-Man ní 1962, Black Panther, èyí tí Stan Lee àti Jack Kirby dá sílẹ̀, sì dé ní 1966. Ìwé àwòrán pàápàá kì í ṣe àjèjì sí wa. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni àwọn òbí wa ti ń ka Atọ́ka, nínú èyí tí a ti ń ya fọ́tò àwọn òṣèré tíátà, tí a sì ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sí ẹ̀gbẹ́ orí wọn. Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ òde òní bá jókòó ti ìwé àwòrán, ohun tí òbí rẹ̀ ṣe ni òun náà ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìbéèrè àkọ́kọ́. Kí ni ó ń lé akọni jáde? Àwọn ọ̀dọ́ wa mọ ìdáhùn èyí dáadáa. Ọmọ tí a gbé kúrò nínú ayé tí ó fẹ́ parun ni Superman, àgbẹ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ ni ó tọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ ilé ni ó ń lò. Wọ́n pa bàbá àti ìyá Batman lójú rẹ̀ nígbà tí ó wà ní kékeré. Ọ̀fọ̀ ni ó ń lé e. Ní ti Spider-Man, ó rí olè tí ń sá lọ, ó lè dá a dúró, ṣùgbọ́n ó ní kò kan òun. Olè yìí kan náà ni ó wá pa ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí ó tọ́ ọ dàgbà. Kò sí Yorùbá tí yóò gbọ́ ìtàn yìí tí kò ní rántí òwe tí ó sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Àwọn tí ó kọ ìtàn náà kò gbọ́ òwe wa rí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kan náà ni àwọn àti àwọn baba wa ní.

Wàyí o, kí ni ó lé Àkàrà-ògùn jáde? Ní ìgbà méjì àkọ́kọ́, ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ni ó gbé e wọ igbó: ọmọ ọdẹ ni, ó sì fẹ́ ṣe ohun tí ọdẹ ń ṣe. Ṣùgbọ́n ní ìgbà kẹta, ọba ni ó pè é, tí ó ní kí ó lọ sí Òkè Láńgbòdó láti mú ohun tí yóò fún ìlú ní àlàáfíà bọ̀. Níhìn-ín ni mo ti rí ìyàtọ̀ tí ó tóbi jù láàárín akọni wa àti tiwọn. Púpọ̀ nínú àwọn akọni inú ìwé àwòrán ni ó yan ara wọn sípò: kò sí ìlú tí ó rán wọn, wọ́n sì ń fi aṣọ bo ojú kí a má baà mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Àwa náà ní abojú. Eégún ń bo ojú, ṣùgbọ́n agbo ilé kan ni ó ni ín, àwọn àgbà agbo ilé náà ni yóò sì dáhùn bí ó bá ṣe ohun tí kò tọ́. A kò kọ ìbojú, ẹni tí kò ní olúwa ni a kọ̀. Bí ọ̀dọ́ kan bá ń bèèrè pé ta ni ó fún Batman ní àṣẹ, ìbéèrè ọmọ Yorùbá ni ó ń bèèrè, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Síbẹ̀, pé ìlú rán akọni kò sọ ọ́ di olódodo. Èyí ni ó gbé wa dé orí ìbéèrè kejì, àti orí Kàkó.

Kàkó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ògbójú tí Àkàrà-ògùn lọ kó jọ fún ìrìn àjò Láńgbòdó. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an ni Àkàrà-ògùn dé bá a. Kàkó gbà láti lọ. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀bẹ̀, ó sọkún, ó dì mọ́ ọn. Nígbà tí kò fi í sílẹ̀, Kàkó bínú, ó yọ àdá, ó sì ṣá a pa. Orúkọ Kàkó ni ó wà lẹ́nu obìnrin náà tí ó fi kú. Lẹ́yìn èyí, ìrìn àjò bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbé Killmonger sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, irú èyí tí Ryan Coogler fi hàn nínú sinimá Black Panther ní 2018. Ọba Wakanda pa bàbá rẹ̀, ó sì fi ọmọ náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láìní olùrànlọ́wọ́. Nígbà tí ó dàgbà, ó fẹ́ gba ìtẹ́, kí ó sì fi ohun ìjà Wakanda ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn dúdú tí a ń ni lára káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ wa ni ó gbè é. Wọ́n ní ẹ̀dùn rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, wọ́n sì ní Wakanda jẹ̀bi, nítorí pé ó jókòó ti ọrọ̀ rẹ̀ nígbà tí a ń kó àwọn ẹbí rẹ̀ lẹ́rú. Nínú èyí, wọ́n jàre. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn kì í sọ. Kí Killmonger tó dé Wakanda, ẹnìkejì rẹ̀ nínú iṣẹ́ ibi mú obìnrin tí ń bá Killmonger rìn, ó fi í ṣe apata. Killmonger yìnbọn pa obìnrin náà, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè nípa rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni kò tilẹ̀ rántí pé obìnrin kankan wà níbẹ̀.

Ọgọ́rin ọdún ni ó wà láàárín Kàkó àti Killmonger yìí, ṣùgbọ́n ìwà kan náà ni. Olúkúlùkù wọn ní ohun ńlá tí ó ń wá. Olúkúlùkù wọn sì gba orí òkú ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù kọjá lọ síbẹ̀.

Àwọn kan yóò gbèjà Kàkó. Wọn yóò ní ọ̀rọ̀ ìlú ju ọ̀rọ̀ ẹnì kan lọ, àti pé kò yẹ kí a fi ojú òní wo ìwé 1938. Mo ní èsì mẹ́ta. Èkíní, ọ̀nà mìíràn wà. Ẹni tí a ń kì ní Oníkùmọ̀ Ẹkùn, ó ha ṣòro fún un láti tú ọwọ́ obìnrin kúrò lára aṣọ rẹ̀ bí? Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ: agbára Kàkó kò fún un ní ohun tí sùúrù ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ì bá fún un. Èkejì, àlàáfíà ni ọba rán wọn lọ mú wá. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó pa àlàáfíà ilé tirẹ̀, irú èwo ni yóò gbé bọ̀ fún ìlú? Ẹ̀kẹta, ìwé náà fúnra rẹ̀ kò gbójú fo obìnrin yìí. Fágúnwà fún un ní ohùn, ó jẹ́ kí a gbọ́ ẹkún rẹ̀. Nígbà tí àwọn ògbójú sì dé Láńgbòdó, wọn kò kọ́kọ́ gba ẹrù kankan. Ọ̀dọ̀ Ìrágbèje ni a mú wọn lọ, ọjọ́ méje gbáko ni ó sì fi kọ́ wọn ní ìwà. Ta ni ó tún nílò ẹ̀kọ́ náà ju Kàkó lọ? Bí a bá ka ikú obìnrin náà pọ̀ mọ́ ilé Ìrágbèje, a ó rí i pé òǹkọ̀wé kò yin agbára láìní ìwà. Àwa òǹkàwé ni a sábà máa ń sáré kọjá níbẹ̀.

Ìbéèrè kẹta ni ti yíyàn. Níhìn-ín, T'Challa ni ó ní ohun tí ó lè kọ́ wa. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe, ó dojú kọ ọ́ láàárín àwọn baba ńlá tí ó ti kú, ó sì sọ fún gbogbo wọn pé wọ́n ṣìnà. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Àwọn kan ní àfojúdi ni, nítorí pé ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ wí bẹ́ẹ̀ fún baba rẹ̀, áḿbọ̀ǹtórí baba tí ó ti di ará ọ̀run. Ṣùgbọ́n àwa náà ni a sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. T'Challa kò tú àṣírí bàbá rẹ̀ láti fi ṣe ẹlẹ́yà. Ojúkojú ni ó sọ ọ́, ó sì padà wá sílé láti tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Ó gba ẹ̀dùn Killmonger, ó sì kọ ọ̀nà rẹ̀. Lójú tèmi, èyí ni yíyàn tí ó le jù nínú gbogbo ìtàn náà, ó sì le ju ìjà èyíkéyìí tí ó jà lọ.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé irú àríyànjiyàn yìí kò ní ìwúwo, kí ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1988. Àwọn tí ń tẹ ìtàn Batman jáde ní kí àwọn òǹkàwé fi tẹlifóònù dìbò bóyá kí Jason Todd, ọmọ tí ń ran Batman lọ́wọ́, yè tàbí kí ó kú. Ìbò 5,343 ni ó ní kí ó kú, 5,271 sì ní kí ó yè. Ìbò 72 ni ó pa ọmọ náà. Èmi kò fẹ́ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú àlọ́ tiwa, agbo a máa gbe orin, a máa dáhùn, a sì máa jiyàn lẹ́yìn tí àlọ́ bá parí; ṣùgbọ́n a kì í ka ọwọ́ láti mọ ẹni tí yóò kú. Ìdí ni pé èrè àríyànjiyàn kò sí nínú ta ni ó borí. Ó wà nínú pé ẹni tí ó jiyàn ní láti sọ ìdí rẹ̀, kí ó sì gbọ́ ti ẹnì kejì.

Ní báyìí, àwọn ọmọ wa ti ń kọ ìwé àwòrán tiwọn. Roye Okupe kọ ìtàn Iyanu, ọmọdébìnrin aláìlóbìí kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó ṣàdédé rí i pé òun ní agbára. Godwin Akpan ni ó ya àwòrán rẹ̀. Apá kìíní jáde ní Amẹ́ríkà ní 2021, ó sì di eré àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n ní 2025. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, bí ó ti jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Wálé Ògúnyẹmí fi kọ Langbodo, eré tí Nàìjíríà gbé síwájú ayé ní FESTAC ní 1977. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá sì ń jiyàn lórí Iyanu ní Agbowó, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi jiyàn.

Ẹ̀bi ta ni? Àwa tí ń kọ́ ni ní èdè Yorùbá ni ó ni ín. Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ tí ó tó fún gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ: èrò ọkàn, àléébù, ìpinnu, orí, ìwà, àbámọ̀. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, a máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ka orúkọ àwọn ògbójú tí ó lọ sí Láńgbòdó lẹ́sẹẹsẹ, a kì í bi í pé Kàkó jàre tàbí ó jẹ̀bi. Abájọ tí wọ́n fi ń fi Fágúnwà sílẹ̀ láì kà á parí, tí wọ́n sì ń lọ wá akọni tí a ó gbà wọ́n láyè láti bá jà.

Ìmọ̀ràn mi kò le. Kí a gbé ọ̀ràn Kàkó kalẹ̀ níwájú wọn, kí a sì gbé ti Killmonger sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí a jẹ́ kí wọ́n fi èdè Yorùbá ro ẹjọ́ náà, kí ẹnì kan gbèjà Kàkó, kí ẹlòmíràn sì gba ẹnu obìnrin tí ó dì mọ́ ọn sọ̀rọ̀. Ó dá mi lójú pé wọn yóò padà lọ ka ìwé náà, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè ro ẹjọ́ tí kò mọ ìdí rẹ̀.