Ta Ni "Àwa" Inú Ìwé Òfin Wa?

Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni "àwa". Ìwé náà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo wa la péjọ, tí a fohùn ṣọ̀kan, tí a sì fún ara wa ní òfin. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà nílé wa ní Ìtòkò bóyá wọ́n dìbò sí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ló bi mí?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar ló fi Àṣẹ 24 gbé e jáde lóṣù karùn-ún ọdún 1999. Kí n má parọ́ mọ́ wọn, ìgbìmọ̀ kan tí Adájọ́ Niki Tobi jẹ́ alága rẹ̀ gba èrò àwọn aráàlú jọ. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn yàtọ̀ sí gbígba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. A kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìwé yìí kan náà mọ bí a ṣe ń bi aráàlú. Abala kẹjọ ní kí ìpínlẹ̀ tuntun tó dá dúró, àfi kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn èèyàn agbègbè náà fọwọ́ sí i nínú ìdìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí Ìjẹ̀bú bá fẹ́ yà kúrò lára Ògùn, wọ́n gbọ́dọ̀ bi àwọn Ìjẹ̀bú. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n bi àwọn ará Mid-West lóṣù keje ọdún 1963 kí wọ́n tó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn. Àmọ́ tó bá kan àtúnṣe ìwé òfin fúnra rẹ̀, abala kẹsàn-án fi í sọ́wọ́ àwọn aṣòfin Àbújá àti ti ìpínlẹ̀ nìkan. Wọ́n ń bi wá nípa ọgbà, wọn ò bi wá nípa ilé.

Àwọn kan ní kíláàsì wa ní ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀wé. Ní Abẹ́òkúta kẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin ọjà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó lọ sí ààfin Aké ní 1947 ni kò mọ̀wé. Síbẹ̀, ó yé wọn pé àwọn ń san owó orí, kò sì sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an. Ní 1949, Aláké Adémọ́lá kúrò lórí ìtẹ́.

Àtakò kan wà tó le ju ìyẹn lọ: abala 320 ló wà nínú ìwé náà. Bí mo bá fẹ́ràn ọgọ́rùn-ún, tí mo kórìíra mẹ́wàá, kí ni kí n tẹ̀ka sí? Mo rò ó títí, kí n tó ka ìtàn Kenya. Ní 2005, àwọn aráàlú wo ìwé òfin tí wọ́n gbé wá, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n tún un kọ. Ní 2010, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí ìwé tiwọn bá ń pe ara rẹ̀ ní "àwa", mi ò ní bá a jà.