Ìpè sí Àpótí Ìbò: Àyẹ̀wò Fíìmù Kúkúrú fún Àwọn Ọ̀dọ́

Iṣẹ́ tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín kéré ní gígùn, ṣùgbọ́n ó wúwo ní ìtumọ̀. Fíìmù kúkúrú ni, irú èyí tí a ń fi hàn nílé sinimá kí eré gan-an tó bẹ̀rẹ̀, tí ó ń rọ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n jáde lọ dìbò. Ìṣẹ́jú kan tàbí méjì ni gbogbo rẹ̀. Kì í polówó ọjà, kò sì gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Nítorí pé ó kéré, àwọn tí ń ṣe lámèyítọ́ kì í sábàá kà á sí iṣẹ́ ọnà. Lójú tiwa, ó yẹ kí a fi òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn eré orí ìtàgé wọn òun náà, nítorí pé ohun tí a fi rán an kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo iye. Ní 2003, nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò Nàìjíríà, bí 69 ni ó dìbò yan ààrẹ. Ní 2011, ó di bí 54. Ní 2019, bí 35. Ní 2023, kò tó 27. Ní ọdún 2023 yìí kan náà, orúkọ tí ó wà nínú ìwé lé ní mílíọ̀nù 93, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 18 sí 34 sì lé ní mílíọ̀nù 37 nínú wọn. Kò sí àní-àní, nígbà náà, pé àwọn ọ̀dọ́ ti gbọ́ nípa ìbò, wọ́n sì ti forúkọ sílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Láàrin ìwé ìforúkọsílẹ̀ àti àpótí ìbò ni èrò ti ń já kúrò lójú ọ̀nà, tọmọdé tàgbà. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí fíìmù náà ti lọ pàdé wọn.

Bí a bá wo irú ìpolongo bẹ́ẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n àti lórí fóònù, a ó rí i pé ìlànà kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń tẹ̀ lé. Gbajúmọ̀ olórin tàbí òṣèré kan yóò dojú kọ kámẹ́rà, yóò sọ pé ìbò ni agbára aráàlú, ìlù yóò dún sókè, a ó sì rí àtàǹpàkò tí a kùn ní tàdáwà. Ó parí. Àléébù ìlànà yìí ni pé ó ka àìjáde ọ̀dọ́ sí àìmọ̀kan. Ó ń pàṣẹ fún ẹni tí ó ní ìbéèrè lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni, láti ìgbà eré alárìnjó títí di ìgbà sinimá, òǹwòran Yorùbá kì í pa ẹnu mọ́ níwájú eré. Yóò kìlọ̀ fún akọni, yóò bú ọ̀dàlẹ̀, yóò dá òṣèré lóhùn. Bí fíìmù bá wí pé, “Ẹ jáde wá dìbò,” ẹnìkan nínú òkùnkùn ilé sinimá yóò dáhùn pé, “Èyí tí a dì lọ́jọ́sí ńkọ́?” Bí fíìmù kò bá ní èsì fún ẹni yìí, ẹ̀rín tí yóò tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni gbogbo èrò yóò gbé lọ sílé.

Ẹni tí ó mọ irú òǹwòran yìí dunjú kò jìnnà sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Hubert Ògúndé, tí a bí ní Ọ̀sọ̀sà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde ní 1916, ṣe eré “Yorùbá Ronú” ní 1964 níbi àpèjẹ Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, ẹgbẹ́ tí ó wà lẹ́yìn Olóyè S. L. Akíntọ́lá. Ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀ ni. Ògúndé kò dárúkọ olóṣèlú kankan, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó dìbò fún lágbájá. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn rí ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá nínú rẹ̀ kedere. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré náà, òfin yìí kò sì kúrò títí di 1966, nígbà tí àwọn ológun ti gbàjọba. Ẹ̀kọ́ méjì ni eré yìí kọ́ wa. Èkíní ni pé ìtàn lè gún ọkàn níbi tí àṣẹ kò lè dé. Èkejì ni pé ẹni tí ó pe òṣèré wá kì í fẹ́ gbọ́ ju ìyìn lọ. Nítorí náà, ẹni tí yóò ṣe fíìmù ìdìbò gbọ́dọ̀ mọ ohun tí kò ní í yọ kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó gba owó ẹnikẹ́ni.

Kí a wá wo fíìmù kan láti òde ilẹ̀ Yorùbá, tí òun náà ń rọ aráàlú sí iṣẹ́ ìlú. “Daybreak in Udi”, tí ẹ̀ka fíìmù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe nílẹ̀ Ìgbò ní 1949, tí ó sì gba ẹ̀bùn Oscar, sọ ìtàn bí àwọn ará abúlé ṣe fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Ohun tí ó dára jù nínú rẹ̀ ni pé àwọn tí kò fẹ́ ilé náà ní ẹnu nínú fíìmù. A gbọ́ ìdí wọn, a sì rí i bí wọ́n ṣe fẹ́ fi ẹ̀rù lé agbẹ̀bí lọ ní òru. Nítorí èyí, nígbà tí ilé náà dúró, a gbà pé iṣẹ́ ni ó mú un dúró. Àléébù rẹ̀ ni pé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ni a fi ṣe ọlọgbọ́n àárín ìtàn, bí ẹni pé ará abúlé kò lè dá ara rẹ̀ lóye. Àléébù yìí kò tíì kú. A kàn fi gbajúmọ̀ olórin rọ́pò ajẹ́lẹ̀ ni.

Kì í ṣe pé kí a lé olórin dànù. Nígbà tí ìdìbò 2015 ń bọ̀, Innocent Idibia, tí a mọ̀ sí 2Face nígbà náà, kọrin fún ìpolongo “Vote Not Fight”, pé ìdìbò kì í ṣe ogun. Ìpolongo yìí ṣàṣeyọrí ní ti pé ó mú ohun kan pàtó tí ń dẹ́rù ba ènìyàn, èyíinì ni ìjà, ó sì sọ̀rọ̀ sí i tààrà. Ṣùgbọ́n ìjà nìkan kọ́ ni ó ń dá ọ̀dọ́ dúró.

Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kàwé ní Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, tàbí ní yunifásítì Tai Ṣólàrín ní Ìjagun. Ibùdó tí orúkọ rẹ̀ wà nìkan ni ó ti lè dìbò. Ní 2023, àjọ tí ń bójú tó àwọn yunifásítì ní kí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ láti ọjọ́ 22 oṣù kejì sí ọjọ́ 14 oṣù kẹta. Ọjọ́ 25 oṣù kejì sì ni ìdìbò ààrẹ. Ẹni tí ó bá ti forúkọ sílẹ̀ lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ wá ibi sùn níbẹ̀, nítorí pé a kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn lọ́jọ́ ìbò. Irú ọ̀dọ́ yìí kò nílò ìwàásù nípa ìfẹ́ orílẹ̀-èdè. Ohun tí ó nílò ni kí a rán an létí, nígbà tí àyè ṣì wà, pé a lè gbé orúkọ láti ibùdó kan lọ sí òmíràn. Fíìmù ìṣẹ́jú kan lè fi èyí hàn dáadáa.

Èyí tí ó le jù ni iyèméjì. Ní 2023, àjọ INEC ti ṣèlérí pé èsì láti ibùdó kọ̀ọ̀kan yóò hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èsì ìbò ààrẹ kò sì hàn lásìkò. Fíìmù tí ó bá wí pé “ìbò rẹ yóò kà” bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ ti purọ́, ọ̀dọ́ yóò sì mọ̀. Ohun tí ó lè fi hàn láìpurọ́ ni ohun tí òfin ti fi sọ́wọ́ aráàlú: pé ní ibùdó gan-an ni a ti ń ka ìbò lójú gbogbo ènìyàn, tí a sì ń lẹ èsì mọ́ ara ògiri, kí ẹni tí ó dúró lè rí i. Ó sì lè fi iye fèsì. Ní Ọ̀ṣun ní 2018, ìbò 482 péré ni ó ya ẹni tí a kéde ní gómìnà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó tẹ̀ lé e. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn fúnra rẹ̀ ní 2023, ìyàtọ̀ náà kò tó 14,000.

Ohun kan ṣẹ́kù tí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lè fi kún un. Àwọn fíìmù wọ̀nyí a máa bá ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó dá wà. Bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, mọ̀ pé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí so pọ̀, ni ó máa ń yọ sí gbangba nínú aṣọ kan náà, tí ẹgbẹ́ kan kì í sì í fẹ́ kí èkejì ta á yọ. Ẹgbẹ́ ẹja ni ẹja ń wẹ̀ tọ̀. Bí fíìmù bá fi ọ̀dọ́ márùn-ún hàn, tí ọ̀kan nínú wọn ń ṣiyèméjì, tí àwọn yòókù sì ń dá a lóhùn ní ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú, ìpè náà yóò ti ẹnu ẹgbẹ́ jáde. Kí a fi ọ̀rọ̀ tí ó dùn jù sẹ́nu oníyèméjì náà, kí ìdáhùn tó tẹ̀ lé e. Bí kò bá tilẹ̀ gbà tán kí fíìmù tó parí, kò burú. Àwọn tí ó jókòó nílé sinimá ni yóò bá a parí àríyànjiyàn náà.